Iná Ọdẹ Nínú Rédíògíráàmù Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n lè fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa já lu ọ̀rọ̀ mi, kó kúkú dìde kó máa lọ, nítorí ìtàn òní kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé ẹnu mi kò gbà á. Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ, ẹnu mi gba ẹfọ̀n tòun tìwo. Ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ẹ wá mi tì nígbà tí mo sọnù láìpẹ́ yìí, ẹ sì ti ń sọ káàkiri pé obìnrin ni mo bá lọ. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ mọ ìyá ìyàwó mi, Ìyá Àwẹ̀ró, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ọjà lọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ̀ ni Lánihún tó ń lu àgídìgbo. Lánihún ti kú kí n tó mọ ọ̀nà ilé náà, ṣùgbọ́n kó tó kú, ó kọ orin sínú àwo kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló fi orin náà kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí Àwẹ̀ró ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń ro ọkà, bí eyín rẹ̀ ṣe funfun tó nígbà tó bá rẹ́rìn-ín. Inú rédíògíráàmù ńlá onípákó kan ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Iwájú àpótí náà ní dígí gígùn tí wọ́n kọ orúkọ ìlú òkèèrè sí lára, lẹ́yìn dígí náà sì ni gílóòbù kékeré kan wà, kò ju èékánná lọ, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí epo pupa nínú ìgò.

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Ìyá á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ dígí yẹn. Wọ́n á gbé àwo orin lé e, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un. Bí Lánihún bá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Bí orin bá tán tí oúnjẹ kò tán, wọ́n á tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò sí òkèlè kan tó kọjá lọ́fun rẹ̀ láìjẹ́ pé ohùn yẹn ń bá a jẹun. Ẹni tó bá rò pé àwo lásán ló ń kọrin, kó lọ sùn. Ní ilé yẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé Lánihún wà nínú àpótí náà, òun àti àwọn onílù rẹ̀ àti àwọn elégbè rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wá tọrọ àbúrò ìyàwó mi, gílóòbù náà jóná. Lánihún ń kọrin rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, kò sọ pé kò rọ òun lọ́rùn. Ìyá náà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn ọmọ ilé. Wọ́n ní kí ni àwọn àlejò máa sọ bí wọ́n bá rí rédíògíráàmù tí ojú rẹ̀ ti fọ́? Wọ́n wá irú gílóòbù ọjọ́un títí, wọn kò rí i, àwọn tó ń ṣe é ti ṣíwọ́. Ni Ọmọ́ladùn ìyàwó mi bá yíjú sí mi, ó ní ìwọ tí iná pọ̀ lórí rẹ bí ti mọ́tò, ṣé o kò lè fi ọ̀kan ta wá lọ́rẹ ni?

Ẹ̀yin náà mọ iná tí àwa ọdẹ ń dè mórí báyìí. A ti pa àtùpà kábáàdì tì. Gílóòbù funfun wẹ́wẹ́ tí àwọn elẹ́rọ ń pè ní ẹlíídì ló wà níbẹ̀. Kì í gbóná, kì í jẹ bátìrì, bí ó bá sì tàn sójú ẹran, ẹran á dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Èmi kì í ra èyí tó bàìbàì. Èyí tó mú jù lọ́jà ni tèmi. Mo yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, mo fi òjé jó o mọ́ ibi tí gílóòbù àtijọ́ wà, mo sọ èyí tó jóná sí ààtàn. Bí wọ́n ṣe tan án, pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere títí dé abẹ́ àga. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo yan káàkiri pálọ̀ bí àkùkọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àlejò dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n gbé àwo Lánihún lé e kí Ìyá lè bá wọn jẹun. Ìyá sún mọ́ dígí bó ṣe máa ń ṣe. Lánihún gbé orin, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ tí mo..." ohùn náà sì gé síbẹ̀. Àwo ń yí, abẹ́rẹ́ ń họ ọ́, kò sí nǹkan tó ń jáde ju ṣẹ̀ẹ̀ lọ. Ìyá gbé ìborùn bo ojú, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Àwọn àlejò ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo yọ gílóòbù, mo tún un fi sí, mo yọ ọ́ pátápátá, orin kò padà. Ojú tì mí débi pé mo ń nu dígí tí kò dọ̀tí.

Láti ọjọ́ náà Ìyá kò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n se ohun tó fẹ́ràn, wọ́n se ohun tí kò fẹ́ràn, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ògiri. Ará ilé kò bú mi, ìyẹn ló sì burú jù, torí bí mo bá wọlé, wọ́n á kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ọmọ́ladùn nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ síta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi wà lójú rẹ̀, ó ní:

"Bàbá Ìbídùn, ọdẹ ni ọ́. Ẹran tó o bá lé sá, ṣé o kì í wá a lọ ni? Ìyá mi ń kú lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Mo yí rédíògíráàmù padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́, orí eruku náà ni mo ti rí ipasẹ̀. Ipasẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sáré jáde pọ̀, tí wọ́n ń wọ́ ìlù lẹ́yìn. Wọ́n gba ihò tí wáyà ń gbà jáde, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n forí lé igbó. Ẹlòmíràn ì bá pe ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Èmi gbé ìbọn, mo de iná mórí, mo tẹ̀lé wọn. Àìrìnjìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Igbó tí mo bá ara mi nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ ti ń ṣẹ́gi. Igbó Akẹ̀yìnsíni ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo igi ibẹ̀ ló kẹ̀yìn sí ẹni tó ń bọ̀. Bí mo bá yípo ìrókò kan láti rí iwájú rẹ̀, ìrókò náà á yí tẹ̀lé mi. Àwọn ẹyẹ ń fi ìyẹ́ bojú kọrin. Odò ń ṣàn lábẹ́ ewé kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìhòòhò rẹ̀. Iwin pọ̀ níbẹ̀: iwin tó ki orí bọ abíyá ara rẹ̀, iwin tó wọ àpò dé ọrùn, iwin tó ń fi ẹ̀yìn rìn kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Bí mo bá ti tan iná sí wọn, wọ́n á ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, wọ́n á sá wọ inú ilẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìbọn mi ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ; èmi ti ń ro bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín, kódà mo ti ń fi kún un.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni mo ti bá Afetíbojú. Iwin ńlá ni, ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, etí rẹ̀ méjèèjì gbòòrò ju ewé kókò lọ, ó sì fi wọ́n bo ojú pátápátá. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ó ní n kò lè kọjá àfi bí mo bá dáhùn ìbéèrè òun: kí ni ó wà lórí mi tó ń rí gbogbo ayé, tí kò rí èmi fúnra mi? Mo ní ojú ni. Ó ní ojú kò sí lórí, iwájú ló wà. Mo ní fìlà ni. Ó ní fìlà kì í ríran. Inú bí mi. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹran tí mo ti pa fún un, mo sì tan iná gbòò sí i lójú, kó lè mọ̀ pé ọdẹ gidi ló dúró níwájú òun.

Etí náà wé kò bí ewé tó rí iná. Mo rí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. N kò ní sọ bí ó ṣe rí fún yín, ẹ má sì bi mí. Iwin náà kò bá mi jà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó rọra sọ pé, "Ìyá mi nìkan ló rí i rí."

Ohun tó ṣe mí níbẹ̀ kò ṣe mí rí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jí ẹran nínú ìkòkò arúgbó. Ọwọ́ mi kàn gbé ara rẹ̀ sókè ni, mo tú iná kúrò lórí, mo pa á, mo jù ú sínú àpò. Afetíbojú ní mo ti dáhùn báyìí, ó yàgò fún mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, iná orí ọdẹ náà kì í tàn sí ọdẹ lójú. Ìgbà tí mo tú u kúrò ni mo tó mọ̀ pé òun ni ìdáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní kí n ṣáà máa lọ, òun kò fẹ́ kí n máa wo òun.

Láìní iná lórí, mo ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà lọ láàárín igbó títí mo fi já sí Ìlú Ajótán. Gbogbo gílóòbù tó bá jóná láyé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Gílóòbù iwájú mọ́tò jókòó sórí àpótí, ikùn rẹ̀ dúdú. Gílóòbù ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà. Gílóòbù inú fíríìjì ń gbọ̀n, òtútù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi bí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń ròyìn ìgbà tí wọ́n ń tàn, kálukú sì ń pa irọ́ tirẹ̀. Mo bèèrè gílóòbù rédíògíráàmù ilé Lánihún. Wọ́n ní ṣé èyí tó dé láìpẹ́ tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí rẹ̀? Mo ní èmi ni mo sọ ọ́ sí ààtàn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ mọ́.

Wọ́n nawọ́ sí i fún mi. Ìyá kékeré kan ni, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ síbẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó ń yọ ìdọ̀tí lára. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ajíbówú, má rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Èmi tí ọrùn mi le bí ti akọ màlúù, mo dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí àdìẹ lè gbé mì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi padà lọ sílé. Ó ní okùn inú òun ti já, wọn kì í jí òkú pé kó wá di àtùpà mú. Mo wá bi í léèrè ohun tí gílóòbù tuntun náà ṣe tó fi lé wọn lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ló pọ̀ jù.

"Ohun tó ṣe náà nìyẹn," ló dá mi lóhùn. "Gbogbo ọdún tí mo lò nínú àpótí yẹn, mo mọ ibi tí eruku wà, mo mọ aṣọ tó ya, mo mọ eyín tó ká. N kò tàn débẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Àwa iná náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí a rí là ń fi hàn."

Ó ní ọmọ tuntun yẹn kò burú, kò tíì gbọ́n ni, kí n wá aṣọ tó yẹ ẹ́ kó wọ̀ kí n tó mú un wọ ilé àgbà. Ó júwe ibi tí Lánihún àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí bóyá ará ilé náà sọ nǹkan kan nígbà tí òun jóná. Mo ní rárá. Ó ní kò burú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ gbogbo ilé, ọpẹ́ náà sì pẹ́ jù, mo mọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é lọ.

Ìlú Ohùn ni wọ́n sá lọ. Ẹní ni wọ́n fi ṣe ògiri gbogbo ilé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì jáde síta. Ohùn nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan ń ka ìròyìn lẹ́yìn ẹní, ẹlòmíràn ń polówó ọṣẹ tí wọn kò tà mọ́, àwọn elégbè ń dá ara wọn lóhùn láti ilé dé ilé. Mo dúró láàárín ìlú, mo pe Lánihún. Gbogbo ohùn pa lọ́lọ́. Olórí wọn, ẹni tó ń ka ìròyìn yẹn, bèèrè lẹ́yìn ẹní rẹ̀ pé ta ni mí.

Ìwà burúkú kì í tètè tán lára. Dípò kí n sọ pé ọkọ ọmọ Lánihún ni mí, ẹnu mi ṣí, ó ní èmi ni Ọdẹ́níran tó fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn, èmi ni mo kojú ẹfọ̀n ní gbangba tí mo yìnbọn fún un láàárín ìwo méjèèjì. Olórí ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n yọ iná tó wà nínú àpò mi, kí n tan án, kí n fi kọ́ igi, kí n kọjú sí i, kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Mo tún un sọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu mi ló ń di ẹran nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹkùn jáde: pàkúté ẹlòmíràn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti kú kí n tó dé ibẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ẹfọ̀n jáde: ìdí ni ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Èmi fúnra mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí igi tí mo ti yìnbọn, ṣòkòtò mi tutù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi ẹmu dá mi lọ́lá nítorí ẹkùn yẹn.

Mo retí kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè bínú, ìbínú sì máa ń gbé ènìyàn ró. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn gbogbo ẹní yẹn, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má baà rí mi. Wọ́n ń bá mi tijú. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í jẹ́ ìpè irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí eruku, mo fi orúnkún bo ojú, mo sunkún, èmi Ọdẹ́níran.

Ìgbà náà ni ẹní kan ká sókè, tí bàbá arúgbó kan jáde. Aṣọ rẹ̀ kún fún àlẹ̀mọ́, ẹnu rẹ̀ ti wọlé nítorí kò sí eyín níbẹ̀ mọ́, àgídìgbo tó wà lábẹ́ apá rẹ̀ ti pàdánù irin tó pọ̀ jùlọ. Ó ní, "Pa iná yẹn, ọmọ mi. Ó tó." Mo mọ ohùn náà. Ohùn yẹn nìkan ni kò darúgbó lára rẹ̀.

Ó jókòó tì mí. Ó ní ohun tó ṣe mí yẹn náà ló ṣe òun. Nínú iná pupa yẹn, òun lè ká ẹsẹ̀ kò kí òun kọrin bí ọkùnrin tí Àwẹ̀ró fẹ́, agbádá lọ́rùn, eyín lẹ́nu. Ọjọ́ tí iná mi tàn, ojú Àwẹ̀ró wà lára dígí, gbogbo ara òun sì wà ní gbangba. Ó bi mí bóyá Àwẹ̀ró rí òun. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́ láti ìgbà náà.

Ó di ojú. "Ó rí mi nìyẹn," ló wí.

Mo sọ fún un pé bí kò bá padà, Ìyá máa kú. Mo ṣèlérí pé n ó yọ gbogbo iná kúrò nínú àpótí náà, kó máa kọrin rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó mi orí. Ó ní, "Òkùnkùn kọ́. Mo ti kú tó. Irú iná tí ọkọ lè jókòó sí níwájú ìyàwó rẹ̀ ni kí o tàn fún mi." Ó pe àwọn onílù rẹ̀ àti àwọn elégbè rẹ̀, wọ́n súnkì wẹ́wẹ́, wọ́n wọ inú àpò ọdẹ mi, wọn kò wúwo ju èèpo ẹ̀pà lọ. N kò yọjú wo inú àpò náà títí mo fi délé.

Nígbà tí mo dé, Ìyá ti rù, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń yọ̀ káàkiri. Mo ní kí Ọmọ́ladùn bá mi wá ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pọ́n díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Ó lọ sí ìdí ààrò, ó mú èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ wá. Mo dá gílóòbù funfun náà padà sáyè rẹ̀, mo fi èèpo wé e. Ìmọ́lẹ̀ náà rọ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti àtijọ́. Mo kọjú sí ògiri, mo tú àpò sí ẹ̀yìn rédíògíráàmù. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe bí akọrin.

Ọmọ́ladùn sáré lọ pe ìyá rẹ̀. Ìyá ní òun kò wá. Ó ní kí Lánihún máa lọ ní àlàáfíà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bó ṣe rí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà."

Ó yí orí sí mi lórí ibùsùn. Ó bi mí pé báwo ló ṣe rí? Mo ní ohun tí ẹ rí nínú dígí lọ́jọ́ yẹn ni mò ń sọ.

"N kò rí nǹkan kan," ni Ìyá wí. "Iná yẹn fọ́ mi lójú. Èmi ni Lánihún rí. Ó pe orúkọ mi, ó wojú mi, ó dákẹ́."

Nítorí náà ni kò ṣe jẹun. Ó rò pé ojú arúgbó òun ló lé ọkọ òun lọ. Èmi ni mo fi iná ẹran wíwá tàn sójú àwọn méjèèjì, kálukú sì ti gbé ìtìjú tirẹ̀ sá. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo ti tú àṣírí Lánihún nìyẹn, ẹni tó bá mi tijú tó sì ní kí n pa iná. Bí n kò bá sọ ọ́, ebi á pa Ìyá. Mo sọ ọ́. N kò wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti àgídìgbo, mo sọ ti ẹnu.

Ó bi mí pé, "Gbogbo eyín náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun dìde.

Wọ́n gbé e jókòó sórí àga níwájú dígí. Ó wo ìmọ́lẹ̀ pupa náà, ó bèèrè ohun tí a fi bò ó, Ọmọ́ladùn sì fi hàn án. Ìyá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí, ó fa èèpo àlùbọ́sà já, ó jù ú sílẹ̀. Iná ọdẹ gba gbogbo pálọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọmọ́ladùn gbá mi lọ́wọ́ mú. Ìyá ní kí wọ́n gbé àwo lé e.

Lánihún gbé orin, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ tí mo..." ó tún gé síbẹ̀. Àwo ń yí. Ìyá sún síwájú, ó gbé ojú lé dígí nínú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn, ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀fun rẹ̀, kí ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín jáde látinú àpótí náà, ẹ̀rín arúgbó tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe dé ibi tí ó ti máa ń ki eyín, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, Lánihún sì fo ibẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n fọ ẹ̀kọ wá, kó rọ̀, kí wọ́n bù ú fún ẹni méjì.

Mo jáde. Kì í ṣe ohun tí àna ń dúró wò. Ibi tí ẹnu mi dé nìyẹn, ẹ dìde lórí ẹní mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń bọ̀ láti ọjà nírọ̀lẹ́ tó sì rí ìmọ́lẹ̀ funfun lójú fèrèsé ilé yẹn, kó rántí pé àwọn méjì ló ń jẹun níbẹ̀, kó sì kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.